Ìwé Oyin Tí Ọdẹ́jìnmí Kọ

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní ikọ́ láti wú, kó wú u tán báyìí, nítorí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ilé ẹ̀kọ́ yín wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà yìí, ẹ ní ẹ fẹ́ di òǹkọ̀wé. Ẹ ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé fún yín, àti bí wọ́n ṣe ń rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wo irú ẹni tí ẹ wá bi! Èmi Ọdẹ́dínà, tí mo gbá ẹfọ̀n létí tí ẹfọ̀n tọrọ àforíjì, èmi tí àwọn iwin máa ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún bí mo bá ń bọ̀, n kò kọ ìwé kankan rí láyé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kọ ọ̀kan, ibi tí ẹ jókòó sí yìí gan-an ló jókòó sí nígbà tó ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí fún mi. Ẹni tó bá wá gbọ́ ìtàn ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi lónìí, kó tètè dìde.

Ọdẹ́jìnmí lorúkọ rẹ̀, ará Òkè-Àpárò. Ọdẹ ni bíi tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹran tó pa láyé rẹ̀ kò lè kún ẹ̀yìnkùlé mi. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ó mọ̀wé kọ, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹ́gbèmí, ni Àwẹ̀ró ìyá wọn bí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ máa ń wọ igbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́gbèmí àti ìyá rẹ̀ jà. Ikọ́ ń bá ìyá náà fínra, ó sì ti ń bẹ ọmọ rẹ̀ kó bá òun wá oyin inú igbó tí òun yóò fi lo oògùn ikọ́. Ọmọ ń sọ pé ọ̀la, ọmọ ń sọ pé ọ̀tunla. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí inú bí ìyá, ó ní, “Ìwọ tí o kò bìkítà bí mo kú bí mo yè, kí ni mo fẹ́ fi ojú rẹ ṣe? Máa lọ! Má wulẹ̀ padà wá bá mi!” Ọdẹ́gbèmí kò dáhùn. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó jáde, àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àwọn ọdẹ gbé òkú rẹ̀ wọlé. Wọ́n ní àmọ̀tẹ́kùn ló bá wọ̀yá ìjà, pé bí ọkùnrin ló ṣe kú.

Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà máa wò mí lẹ́nu. Láàrin àwa ọdẹ, a kì í gbé ikú yẹpẹrẹ lọ fún ará ilé òkú. Ìbáà ṣe igi ló wó lu ọdẹ, ìbáà ṣe ejò ló ṣán an níbi tó ti ń tọ̀, ẹranko ńlá ni a ó sọ pé ó pa á, kí ojú má baà ti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí a bá sì ti kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣípà, ọjọ́ tí a ń kó ohun èèlò òkú ọdẹ lọ sínú igbó láti fi dágbére fún un, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí i padà mọ́. Àṣà wa nìyẹn, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi.

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò fẹ́ mọ bí ẹranko náà ṣe tóbi tó. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi Ọdẹ́jìnmí láti ọdún dé ọdún. “Nígbà tó ń kú, ṣé inú rẹ̀ ń bí sí mi?” Ọdẹ́jìnmí á wolẹ̀, á ní, “Ìyá mi, àmọ̀tẹ́kùn ló pa á.” Títí ọjọ́ kan tí ìyá náà ní, “Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀yin ọdẹ kò wọ̀ mí létí mọ́. Ìwọ tí o mọ̀wé, lọ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé gidi, kí o wá kà á fún mi. Ènìyàn ò ní torí irọ́ jẹ irú ìyà yẹn. Kí o tètè o, ọmọ mi, mo ti ń gbó.”

Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe di òǹkọ̀wé nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń wá òkìkí.

Ó kọ ìgbà èwe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe ń jí ẹ̀wà jẹ nínú ìkòkò, bó ṣe máa ń sá sábẹ́ ìyá wọn bí àrá bá ń sán, bó ṣe kọ́ òun àbúrò rẹ̀ ní ìbọn yíyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọjọ́ ikú, kálámù kọ̀, kò rìn mọ́. Ó ní kò burú, òun yóò máa kọ ìyókù bí òun bá ṣe ń lọ. Ẹ̀yin náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ yín. Ó kó ìwé náà sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó kọrí sí Ìlú Ìtẹ̀wé.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ la Igbó Àìparí kọjá. Ohun tí Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ pàdé nínú rẹ̀ ni ẹtu kan tí kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàwó tuntun kan tí wọ́n ti kun osùn sí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní ojú, tí kò ní imú, tí iwájú rẹ̀ ń dán lásán bí ìdí àwo. Jagunjagun kan na idà sókè, láti ọjọ́ tó ti nà án ni kò ti balẹ̀, apá rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìtàn tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì pa tì ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe rí kálámù létí Ọdẹ́jìnmí, wọ́n rọ́ bò ó, wọ́n ń sunkún. “Parí mi! Jọ̀ọ́, parí mi!” Ó ní igbe wọn kò tíì kúrò létí òun títí di òní.

Iwin tó ni igbó náà yọ sí i. Dúró-ná lorúkọ rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti wọ ilẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò, kò lè kúrò lójú kan. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti fi àdá gé irùngbọ̀n ọ̀hún kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ ní tirẹ̀.

“Àlọ́ o,” ni Dúró-ná wí.

“Àlọ̀, bàbá.”

“Kí ni a bí, tí kò kú, tí kò sì yè?”

Ọdẹ́jìnmí wo àwọn tó yí i ká. “Ìwé tí a kò kọ parí ni.”

“O gbà á. Tìrẹ dà nínú wọn?”

“Tèmi kò sí níbí, bàbá. Tèmi wà nínú àpò mi.”

“Wo ẹ̀yìn igi yẹn.”

Ó wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ gan-an, ilà ojú rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń fi lu òun lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀, kìkì ìkùukùu ni. Ọdẹ́gbèmí ní, “Àbúrò mi, orí igi lo fi mí sí láti ọjọ́ yìí. Ṣé kí n sọ̀ ni àbí kí n máa wà níbẹ̀?”

Ẹkún gbọn Ọdẹ́jìnmí. Ó jókòó sí ìdí igi náà, ó fa ìwé yọ, ó sì kọ ìparí rẹ̀ ní kíá. Ó kọ àmọ̀tẹ́kùn. Ó kọ bí ó ṣe bú ramúramù, bí Ọdẹ́gbèmí ṣe dì í lọ́rùn mú, gbogbo ohun tí àwọn ọdẹ kéde lọ́jọ́ ìṣípà. Bó ṣe fi àmì ìdánudúró sí i, ẹsẹ̀ méjì hù lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdẹ́gbèmí wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí wọ́n fún ní bàtà oníbàtà. Kò dúpẹ́, ó kàn rìn wọ inú igbó lọ. Ọ̀nà là.

Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ kó ìbẹ̀rẹ̀ ìwé jọ sínú àpótí. Ẹ parí rẹ̀, bó tilẹ̀ burú. Èyí tí Ọdẹ́jìnmí kọ yẹn burú, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ohun tó burú ṣe é tún ṣe. Ta ló lè tún ohun tí kò sí ṣe?

Nígbà tó jáde nínú igbó, ó bọ́ sí Ìlú Ẹ-kú-iṣẹ́. Kò tíì wọ ẹnubodè tán tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n gbé e lọ sí gbàgede, wọ́n ní kó kà á. Ó ka gbólóhùn kan, gbogbo ìlú hó yèè. Ó ka èkejì, obìnrin kan dákú fún ayọ̀. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí, wọ́n ní kí ló tún ń wá lọ sí Ìlú Ìtẹ̀wé, níbi tí àwọn aláròyé kún? Wọ́n fún un nílé, wọ́n ń gbé iyán fún un láàárọ̀, wọ́n ń gbé iyán fún un lálẹ́. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, ara kò tù ú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òjò tó ń rọ̀ nígbà tó dé ibẹ̀ dá, ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń ka ìwé kan náà fún wọn. Lọ́jọ́ kan ó rí bàbá àgbàlagbà kan lórí àga ní gbàgede, Olúgbọ́dí lorúkọ rẹ̀, òun náà ń kàwé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọdẹ́jìnmí sún mọ́ ọn láti gbọ́. Ikán ti jẹ ìwé ọwọ́ bàbá náà tán, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ló kù. Bàbá kàn ń la ẹnu, ó ń pa á dé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń jáde, ìlú sì ń hó.

“Bàbá, ẹ ti pẹ́ tó níbí?”

“Mi ò mọ̀. Ta ló ń ka ọdún níbi tí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́?”

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́jìnmí ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọn ará ìlú náà dáadáa. Wọn kò ní etí. Ẹ̀gbẹ́ orí wọn ń dán ni lọ́tùn-ún lósì, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ní kí òun tètè, ikọ́ rẹ̀ sì dún sí i lọ́kàn. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó kó ìwé rẹ̀, ó sá lọ, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún bó ṣe ń sá.

Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà. Ó yẹ kí ẹnì kan ti fa ọ̀gbẹ́ni yẹn létí! Ẹ fún ẹni tó máa gbọ́ yín ní ìwé yín kà, ẹni tó máa sọ pé ibí yìí sú òun, pé ibí yìí kò yé òun. Ìyàwó mi kejì dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò yin nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

Ìlú Ìtẹ̀wé kò ní odi bíi ti ìlú mìíràn. Ẹnubodè ló pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì kọ irú ìwé tí wọ́n ń gbà síbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ènìyàn gbé e wá. Èrò kún ibẹ̀ bámúbámú, ojú wọn pọ́n. Ọkùnrin kan gbé ìtàn ìfẹ́ lọ sí ẹnubodè ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n dá a padà, ó ń fi orí gbá òpó ẹnubodè pé ayé kórìíra òun. Wọ́n kọ “iṣẹ́ àgbẹ̀” gàdàgbà sókè orí rẹ̀, kò gbójú sókè kà á. Ọdẹ́jìnmí ní tirẹ̀ kò kánjú. Bí ọdẹ ṣe ń wo ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀ kó tó yìnbọn ló ṣe ń wo ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rí èyí tí wọ́n kọ “Ìgbésí Ayé Ènìyàn” sí lára. Ó tò sẹ́yìn àwọn tó bá níbẹ̀.

Obìnrin arúgbó kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà, Ìyá Aláhọ́n. Kò ní ojú rárá. Ahọ́n rẹ̀ gùn dé àyà, ahọ́n náà ló sì fi ń kàwé.

“Sọ ọ́ fún mi ní èémí kan. Kí ni ìwé rẹ dá lé?”

“Ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni, ìyá. Ìyá wa fẹ́ mọ bó ṣe kú.”

“O ṣeun. Àwọn kan á máa sọ tiwọn títí oúnjẹ mi á fi tutù.”

Ó gba ìwé náà, ó fi ahọ́n lá ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí Ọdẹ́jìnmí ti ń ka àwọn baba ńlá wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ó ya á sọnù. Ó lá èkejì, ó ya ìyẹn náà. Ó kan Ọdẹ́jìnmí lọ́kàn bí ẹni pé awọ ara òun ló ń ya. Nígbà tó dé ibi ẹ̀wà tí Ọdẹ́gbèmí jí jẹ, ó rẹ́rìn-ín. “Iyọ̀ wà níbí. Ẹ̀wà yìí ṣì gbóná.” Ó ń lá a lọ, ó ń mi orí, títí tó fi dé ibi àmọ̀tẹ́kùn. Ó tu ú sílẹ̀ pẹ́.

“Omi lásán! Ta ló kọ eléyìí?”

“Èmi ni, ìyá.”

“Rárá o. Ìwọ lo kọ ti ẹ̀wà. Àwọn ọdẹ ìlú yín ló kọ eléyìí.”

“Ìyá, ẹ má bínú, àṣà wa ni. A kì í sọ—”

“Mo mọ àṣà yín. Ó dára níbi ìṣípà. Ṣé ìṣípà lo gbé wá bá mi ni? Kí ni ìyá rẹ bi ọ́?”

“Ó ní bóyá inú ẹ̀gbọ́n mi ń bí sí òun nígbà tó ń kú.”

“Àmọ̀tẹ́kùn yìí dá a lóhùn bí?”

Ìyá Aláhọ́n dá ìwé náà padà sọ́wọ́ Ọdẹ́jìnmí, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Ọdẹ́jìnmí bínú. Ó ní kí ni afọ́jú arúgbó mọ̀ nípa ọdẹ? Ó gbé ìwé náà lọ sí ẹnubodè mìíràn, wọ́n dá a padà láì sọ̀rọ̀. Òmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ títí Ọdẹ́jìnmí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì mú un jáde, ẹsẹ̀ adìẹ wà lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó dára o, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tiwọn. Gbogbo òǹkọ̀wé ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹ má jẹ́ kó pa yín, ẹ ó gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò lè purọ́ fún ara rẹ̀ mọ́. Ó mọ ohun tí Ìyá Aláhọ́n tọ́ wò. Òun náà ti ń tọ́ ọ wò lẹ́nu ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú.

Ó jókòó sí abẹ́ ògiri kan lọ́sàn-án gangan. Ó ya àmọ̀tẹ́kùn kúrò, ó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe wọ igbó, Ọdẹ́gbèmí kò wá ẹran rárá. Ó ń wòkè kiri, ó ń wá ilé oyin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá yẹn bínú gan-an lónìí. Jẹ́ kí n gbé oyin dé ná, wàá gbọ́ bí yóò ṣe máa pè mí ní olówó orí mi.” Ó rí i lórí igi gíga kan, ó gùn ún, ó bu oyin kún kèrègbè, ó fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sí àbúrò rẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ sọ̀ ni ẹ̀ka kán. Ẹ̀yìn ló fi balẹ̀. Kò kú bọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ wà lórí itan Ọdẹ́jìnmí títí oòrùn fi rọlẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé, “Má jẹ́ kí oyin náà dà nù o.”

Nígbà tí àwọn ọdẹ yòókù dé, olórí wọn ní báwo làwọn ṣe máa sọ fún ayé pé oyin ló pa ọdẹ? Ó ní ẹ gba kèrègbè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ará ilé má baà bèèrè ohun tó wà fún. Wọ́n sì da oyin náà sílẹ̀ nídìí igi, níṣojú Ọdẹ́jìnmí.

Ṣé ẹ ti ń rí ohun tó di ọkùnrin náà lẹ́nu? Bó bá sọ ti oyin, ìyá rẹ̀ yóò mọ̀ pé nítorí ikọ́ òun ni ọmọ òun ṣe kú. Bí kò bá sọ ọ́, ìyá náà yóò máa rò pé inú bí ọmọ òun wọ sàréè. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ kọ, ṣé irú rẹ̀ wà lọ́kàn yín? Bí kò bá sí, ẹ má fi ìwé ṣòfò.

Nígbà tí Ìyá Aláhọ́n lá ewé náà, ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò ní ojú tí yóò fi sunkún. Ó ní, “Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.” Síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó tún apá kan kọ, kó gé apá kan, ó tún ní kó dá èyí tó gé padà. Ọdẹ́jìnmí ṣe é láì jiyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó o fún àwọn kòkòrò onírin tí ń tẹ̀wé nílùú náà, ó sì di ìwé, orúkọ Ọdẹ́gbèmí wà gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Aláhọ́n ní, “O kọ ọ́ fún ẹnì kan. Ibi tó bá wù ú ni yóò máa rìn lọ o. Má sọ pé n kò kìlọ̀ fún ọ.”

Ọdẹ́jìnmí gbé ìwé náà mọ́yà, ó sáré wálé. Kò dúró jẹun, kò dúró sinmi. Nígbà tó dé Òkè-Àpárò, ìkòkò oògùn ikọ́ ìyá rẹ̀ wà ní ìta, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, koríko ti hù yí i ká. Fọlọ́runṣọ́, orogún ìyá rẹ̀, jáde sí i, ó sì ká ọwọ́ lérí.

“Ìyá mi ńkọ́?”

“Ọmọ mi, o pẹ́.”

“Ìgbà wo ni, ìyá?”

“Nígbà tí òjò kejì bẹ̀rẹ̀ ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí lójoojúmọ́, ó ní òun gbúròó ẹsẹ̀ rẹ. Ó ní bí o bá dé tí òun kò sí mọ́, kí n bá òun bi ọ́ bóyá inú Ọdẹ́gbèmí ń bí sí òun.”

Òjò kejì. Ọdẹ́jìnmí mọ ibi tó wà nígbà tí òjò kejì bẹ̀rẹ̀. Ìlú Ẹ-kú-iṣẹ́ ló wà, ó ń jẹ iyán, ó ń gba pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní etí.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sin ìyá náà sí. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́, ó ṣí ìwé, ó sì ń ka ibi oyin. Ó kà á tán, ó tún un kà. Fọlọ́runṣọ́ ní kó sinmi, kò gbọ́. Ohùn rẹ̀ há, ó ń kà á lọ. Kò sì sunkún. Ó ní ẹkún kò wá, gbogbo inú òun gbẹ.

Àwọn ọdẹ gbọ́ nípa ìwé náà, wọ́n ní kó má wá sí ìpàdé wọn mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń rò ó pé òun ìbá jù ú sínú iná. Ẹni tó kọ ọ́ fún kò gbọ́ ọ. Àwọn tó gbọ́ ọ ń bínú. Kí ló kù?

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí nílùú náà kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Eruku bò ó dé orúnkún. Ó ní, “Ẹ dákun, ṣé ibí ni ilé ìyá oyin?”

“Ibí ni. Ṣùgbọ́n ó ti kú.”

“Mo mọ̀, wọ́n sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ó ti kú kí ìwé náà tó dé. Mojísọ́lá ni mí. Ọmọbìnrin mi kan wà, mo lé e jáde nílé. Ọ̀nà àjò ló ti kú, a kò rí ẹni tó rí ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìwé yìí ṣe dé ìlú wa tí mo kà á, mo ní bóyá òun náà, bóyá nǹkan ló ń mú bọ̀ wá fún mi.” Ó tú ìgbájá, ó mú ìgò oyin kan jáde, ó wọlé, ó sì rọra da díẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. “Ẹ gbà, ìyá. Oyin yín dé.”

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́jìnmí sunkún. Òun àti obìnrin náà ló jọ sun ún, kò sí ẹni tó rẹ ẹnì kejì lẹ́kún.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé oyin wá, ìyá tó lé ọmọ, ọmọ tó bá ìyá jà, láti ìlú tí Ọdẹ́jìnmí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ lọ wo ilé náà bí ẹ bá dé Òkè-Àpárò. Èèrà kì í tán nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, Ọdẹ́jìnmí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá wọn.

Ohun tí mo ní fún yín nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ kó ìwé yín kí ẹ máa lọ. Ẹ kọ ọ́ parí, ẹ fún elétí kà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹnubodè, bí wọ́n bá sì lé yín, ẹ padà lọ wò ó bóyá òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú yín, kó kọ́kọ́ gba ilé lọ.